Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Àtijọ́ l'Ékòó àbí Ilé Ìkẹ́rúsí l'Ágbádárìgì: Èwo Ló Yẹ Aláàbọ̀ Ara Tó Ń Ti Abẹ́òkúta Lọ?

Ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn láti kékeré. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, nígbà tí a ṣì ń gbé ní Ìtokò. Bí ìrìn bá jìn, mo máa ń gbé àga onítáyà mi dání kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa tì mí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ ojú tí mo fi ń wo ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé yóò dé ibì kan, yóò gbójú sókè wo òrùlé, yóò wo àwòrán ara ògiri. Ní tèmi, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Àwọn èèyàn ti bi mí léèrè lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn aláàbọ̀ ara bíi tèmi àti àwọn tó ń tọ́jú òbí tó ti dàgbà: "Bùọ̀dá, a fẹ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ti àwọn èèyàn mọ́lé láyé ìjọ́sí, káwọn ọmọ lè mọ ìtàn. Ti Èkó ni ká lọ ni àbí ti Àgbádárìgì?" Ìbéèrè gidi ni. Ní Abẹ́òkúta níbí, ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìbarà ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹlẹ́wọ̀n ń bẹ nínú rẹ̀, kì í ṣe ibi ìran wíwò. Ibi méjì tí èèyàn lè jí lọ láàárọ̀ kó sì padà wá sùn sílé nìwọ̀nyí. Ti Èkó ni Freedom Park, ní Broad Street, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn wà tẹ́lẹ̀. Ti Àgbádárìgì ni ilé tí Seriki Williams Abass ń kó ẹrú sí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Brazilian Baracoon. Èyí èkejì kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ìjọba, ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹnì kankan ni wọ́n ń tì mọ́bẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ ni àwọn méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fi wọ́n wéra.

Kí n má dá yín dúró pẹ́: bí ẹ ò bá lè kúrò lórí àga onítáyà rárá, tó sì jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ lọ sí Èkó. Bó bá jẹ́ pé ojú ni kò ríran, tàbí tí ẹ lè fi ọ̀pá gbé ìṣísẹ̀ ogún sí ọgbọ̀n, Àgbádárìgì ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì fi etí òkun sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro bí mo ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀nà ibẹ̀

Ọkọ̀ ojú irin ti yí ọ̀rọ̀ Èkó padà fún irú wa. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ló ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ibùdó tiwa tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè sì wà ní Láderin. Ibùdó Mobọ́lájí Johnson ní Èbúté Mẹ́ta lẹ óò sọ̀ sí, kẹ́ ẹ wá gba takisí kọjá afárá lọ sí Broad Street. Èèyàn lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò sì sí awakọ̀ tó máa sọ pé àga yín gba àyè ẹnì kan, kẹ́ ẹ san owó èèyàn méjì. Ohun tójú mi ti rí ní gáréèjì nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ìṣòro ọkọ̀ ojú irin ni pé ìrìn rẹ̀ kò pọ̀ lójúmọ́. Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ, ẹ wo aago àbọ̀. Kẹ́ ẹ dé ibùdó ní wákàtí kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ nílò ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ wọlé. Bí èrò bá ti ń ti ara wọn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn ẹni tó wà níjòókòó.

Ọkọ̀ ojú irin kò dé Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ háyà látilé ló dára jù. Ọ̀tà lẹ máa gbà, kẹ́ ẹ já sí Ìyànà-Ìpája, kẹ́ ẹ yà sí Ìgándò, kẹ́ ẹ gba ẹ̀gbẹ́ LASU jáde sí Ìyànà-Ìbá, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ìrìn náà gùn, ó sì máa ń jó ènìyàn nídìí. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kì í mọ ìrora, bí àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa, kó máa fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra, kó má lọ bá egbò padà wálé. Tímùtímù tó nípọn kì í ṣe fáàrí lójú ọ̀nà yẹn.

Lórí ọ̀nà nìkan, Èkó borí.

Ohun tó mú kí Èkó rọrùn

Ní 1882 ni ìjọba gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì fi koríko bò ó. Àwọn tí inú ń bí sí ìjọba amúnisìn máa ń ju iná sí i. Ní 1885 ni ìjọba wá kó bíríkì wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún un kọ́ le koko. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́, dé ibẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Kàlàbá. Ní 1979 ni wọ́n wó ọgbà náà palẹ̀, ilẹ̀ náà sì di ààtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé Theo Lawson, ayàwòrán ilé, mú àbá wá pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìrántí. Oṣù kẹwàá 2010 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tó gba òmìnira.

Ìtàn yẹn ló ṣàlàyé ilẹ̀ ibẹ̀. Nítorí pé wọ́n ti wó ẹ̀wọ̀n náà, kò sí àtẹ̀gùn àtijọ́ tẹ́ ẹ máa gùn, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí àga ò ní gbà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ṣe ojú ọ̀nà síbẹ̀ tí àga onítáyà ń yí lé lórí. Ibi tí yàrá ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹẹsẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi àmì àti férémù tún un yà, èèyàn á rí bí ó ṣe há tó. Ibi ìdáná ẹlẹ́wọ̀n ti di ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni pèpéle tí àwọn olórin ń dúró lé báyìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tì mí dé iwájú pèpéle yẹn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ àfi obìnrin kan tó ń gbálẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká dúró. Ìró ìgbálẹ̀ nìkan là ń gbọ́, ṣà, ṣà, ṣà, àti fèrè ọkọ̀ láti Broad Street lẹ́yìn ògiri. Mo ro ti ẹni tí wọ́n mú wá síbẹ̀ ní òwúrọ̀ bí irú èyí, tó ń gbọ́ ariwo ọjà Èkó lẹ́yìn ògiri kan ṣoṣo. Kò sí àtẹ̀gùn kankan láàárín èmi àti ibi tó dúró sí. Èmi tí mo ti máa ń dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn de àwọn tó wọlé, mo dé àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí mo gbọ́dọ̀ sọ ni pé ohun tó mú kí Èkó rọrùn náà ló bu nǹkan kù lára rẹ̀. Ó rọrùn nítorí pé ẹ̀wọ̀n ti lọ. Ẹ óò rí ibi tó wà, ẹ ò ní rí òun fúnra rẹ̀. Ọmọdé tí a kò bá sọ fún ṣáájú lè wọ ibẹ̀, kó jẹ ráìsì, kó jáde, kó má mọ̀ pé ẹnì kan sunkún rí níbẹ̀. Ẹ mú amọ̀nà, ẹ má kàn wọlé fúnra yín. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ sì lọ. Tó bá dìrọ̀lẹ́, orin àti èrò ló máa ń gba ibẹ̀, kò sì sí bí ẹni tó wà lórí àga ṣe lè gbọ́ amọ̀nà nínú ariwo yẹn. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti yàrá àwòrán ti ọjọ́ yẹn wà nílẹ̀ tàbí lókè. Ọgbà lásán kọ́ lẹ fẹ́ rìn.

Ohun tó mú kí Àgbádárìgì wúwo

Àwa ará Abẹ́òkúta ní ìdí tiwa láti lọ sí Àgbádárìgì. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá gbà lọ sóko ẹrú, ọ̀nà ibẹ̀ náà sì ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n ti Sierra Leone wá, gbà padà sílé láti ìparí àwọn ọdún 1830. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, Àgbádárìgì ló ti gbéra wá sí Abẹ́òkúta níbí, níbí yìí ló sì ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Seriki Abass fúnra rẹ̀, ọmọ Jóga-Orílé ni, nílẹ̀ Yewa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Wọ́n mú un lẹ́rú, ó dé Bràsíìlì, ó padà wá, ó sì di ẹni tó ń ta ẹrú. Mo ti rò ó títí, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi tán.

Àwọn ọdún 1840 ni ilé náà ti wà. Ilé ilẹ̀ ni, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́. Àwọn amọ̀nà máa ń sọ pé ogójì yàrá ló wà níbẹ̀, wọ́n á kó ogójì èèyàn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ ni, bó ṣe wà ló wà. Ìloro wà níbi tí ẹ ò retí rẹ̀, ẹnu ọ̀nà há, inú ṣókùnkùn. Ẹ wọn ìbú àga yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, láti ìta táyà kan sí ìta táyà kejì, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n lórí fóònù bí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Àga tèmi dúró síta. Ọ̀pá ni mo fi wọlé.

Nínú yàrá yẹn, amọ̀nà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń pè mí ní "Dádì" ní gbogbo ìgbà, gbé ṣẹ́ẹ̀nì kan. Ó wò mí, ó wo ọ̀pá mi, ó ń ṣiyèméjì. Mo fi ọ̀pá kan ti ara ògiri kí ọwọ́ mi kan lè ṣófo, mo nà án sí i. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó tutù. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, apá mi sì lágbára, nítorí apá mi ni ẹsẹ̀ mi. Irin náà ti dán níbi tí ó ti ń kan ara. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dán, ibì kan ni, ibi tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí ẹni pé ó ṣì ń wá ọrùn. Mo gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, n ò lè gbé e. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí ara má gbọ́ràn síni lẹ́nu, mo ti mọ̀ ọ́n látìgbà èwe. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan jókòó, kó rọ irin, kó wọn ọrùn èèyàn láti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni mi ò tíì mọ̀ lára kí n tó dé yàrá yẹn.

Nǹkan tí Èkó kò lè fún yín nìyẹn. Wọn ò wó ti Àgbádárìgì, nítorí náà ó le láti wọ̀, nítorí náà náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

Etí òkun

Ọ̀pọ̀ ló máa sọ fún yín pé ẹni tí kò bá dé Point of No Return kò tíì lọ sí Àgbádárìgì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ibẹ̀ ni ìrìn àwọn ẹrú ti ń di àlọ rámirámi tí a kì í rí àbọ̀ rẹ̀. Erékùṣù Gbérẹfú ni, lódìkejì ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀, tó ń mì bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ óò rìn lórí yanrìn títí dé etí òkun, ẹ óò kọjá lára kànga tí wọ́n ń fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí ó lè gbàgbé ilé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé gan-an ń làágùn kó tó débẹ̀.

Yanrìn ni ọ̀tá àga onítáyà. Táyà kékeré iwájú ló máa ń kọ́kọ́ rì. Bí wọ́n bá ń tì yín síwájú, ṣe ni yóò máa wa ilẹ̀. Bó bá di dandan, kí wọ́n dá àga náà lé táyà ńlá ẹ̀yìn, kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn fà á. Ọ̀pá náà kò sàn jù, ó ń wọlé bí ìgbà tí èèyàn ń gún iyán. Mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn pé mo débẹ̀, àmọ́ èjìká mi kò jẹ́ kí n sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ nítorí kí wọ́n má bàa sọ pé kò lọ. Ilé Seriki Abass ni ọ̀rọ̀ wà. Bí agbára bá kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ jókòó sí etí ọ̀sà níhìn-ín, kẹ́ ẹ wo erékùṣù náà lókèèrè. Ìyẹn pọ̀ tó.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, wà nítòsí. Àwọn tó ń lọ sókè nínú rẹ̀, àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gùn. Ẹ wò ó láti ìta.

"Ẹ jẹ́ ká gbé yín"

Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá yàn, ẹ máa gbọ́ gbólóhùn yìí. Ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ rí àgbà tàbí aláàbọ̀ ara kó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin á yọ láti ibi tí ẹ ò mọ̀, wọ́n á di àga mú, ẹ óò ti wà lófuurufú kẹ́ ẹ tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Àmọ́ ìfẹ́ yẹn ti ju ọ̀rẹ́ mi kan sílẹ̀ rí, ìbàdí rẹ̀ sì fọ́.

Ilé ni kẹ́ ẹ ti pinnu bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé yín. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á ní ẹ ń gbéra ga. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa pàṣẹ. Ẹ ti bíréèkì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Irin ara àga tí kò ṣeé yọ ni kí wọ́n dì mú. Kí wọ́n má di táyà mú, torí táyà ń yí. Kí wọ́n má di ibi ìgbápálé àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé mú, torí wọ́n ń yọ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn yín ni kó kọ́kọ́ lọ sókè. Bí wọ́n bá ń sọ̀, ojú yín ni kó kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹni tó lágbára jù kó wà lẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa ka "ení, èjì, ẹ̀ta".

Ní ibì kan tí n ò ní dárúkọ, wọn ò gbé mi, wọn ò sì wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní, "Ẹ dúró sísàlẹ̀, bàbá, a máa ya fọ́tò wá fún yín." Wọ́n ya fọ́tò náà lóòótọ́. Mo ṣì ní in lórí fóònù mi, mi ò tíì wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mi pé, bíi ti gbogbo èèyàn.

Nípa èyí, òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà àga onítáyà àti ohun mìíràn tó yẹ. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù kìíní 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ibi méjèèjì wà nínú rẹ̀, ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011, ó sì ní ọ́fíìsì tó ń rí sí i, LASODA. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lọ bá amọ̀nà jà, ọmọ iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibẹ̀ bẹ́ ẹ bá délé, kẹ́ ẹ dárúkọ òfin náà, kẹ́ ẹ sọ ibi tí àtẹ̀gùn wà àti bó ṣe ga tó.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ńkọ́? Níbi méjèèjì, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó mu omi púpọ̀, ẹ lọ sí ilé oúnjẹ tàbí hòtẹ́ẹ̀lì tó dára lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ nílò dání. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ojú tàbí etí bá ni ìṣòro

Ẹni tí kò ríran, mo ti sọ ọ́, Àgbádárìgì. Èkó jẹ́ ibi ohun tí a ń fi ojú rí: àmì ilẹ̀, àwòrán, férémù. Ní Àgbádárìgì, ilé náà há débi pé ohùn amọ̀nà ń padà wá bá èèyàn láti ara ògiri, èèyàn lè fi ìka mọ bí ilẹ̀kùn ṣe rí, ó sì lè béèrè kí wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ kan irin. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ amọ̀nà, ẹ má kàn na ọwọ́, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Wọ́n tún máa ń sọ pé ogójì ẹrú ni wọ́n fi ń pààrọ̀ agboòrùn kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n ṣàpèjúwe agboòrùn náà.

Adití, ẹ mú ògbufọ̀ èdè afọwọ́sọ yín dání láti Abẹ́òkúta. Bí kò bá sí, Èkó yóò sàn díẹ̀, torí ohun tí a kọ sílẹ̀ láti kà pọ̀ níbẹ̀ ju ti Àgbádárìgì lọ, níbi tí ìtàn ti wà lẹ́nu amọ̀nà.

Fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun

Àwọn kan ń rìn jìnnà. Bí ọmọ yín bá wà ní San Francisco, Alcatraz wà lórí erékùṣù níbẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà láti 1934 sí 1963. Òkè ibẹ̀ ga tó ilé alájà mẹ́tàlá láti etí omi dé ilé ẹ̀wọ̀n. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù: ọkọ̀ kékeré oníná kan wà tó ń gbé àwọn tí kò lè gun òkè, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi wá ló wà fún. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣàkóso ibi ìtàn nílẹ̀ wa wò nìyẹn. Wọn ò wó òkè, wọn ò ba ilé àtijọ́ jẹ́, ọkọ̀ kan ni wọ́n rà.

Robben Island ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí Nelson Mandela ti lo ọdún 18 nínú ọdún 27 tó fi wà lẹ́wọ̀n, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn lọ láti Cape Town, bọ́ọ̀sì sì ń gbé wọn yí erékùṣù náà ká. Àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ rí ló ń mú èèyàn kiri inú ẹ̀wọ̀n. Bí òkun bá ru, ọkọ̀ kì í lọ. Nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà sílé ṣe ọjọ́ ibẹ̀. Gánà kò gba físà lọ́wọ́ wa, Elmina, odi ńlá tí wọ́n ń kó ẹrú sí, sì wà níbẹ̀. Àwọn Pọtogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1482, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn àti òkúta ló kún inú rẹ̀. Fún ẹni tó wà lórí àga, àgbàlá ìsàlẹ̀ ni yóò mọ sí.

Ẹ fi ilé dánra wò

Kẹ́ ẹ tó lọ síbikíbi, ẹ ṣe ọjọ́ kan nílé níbí. Ilé ìkàwé Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí wọ́n ṣí ní 2017, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n sì wà nínú ìtàn ẹni tó ni ín: láti 1995 sí 1998 ló fi wà látìmọ́lé àti lẹ́wọ̀n. Olúmọ ńkọ́? Olúmọ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, òdìkejì ẹ̀wọ̀n ni, ibi tí àwọn baba wa sá pamọ́ sí. Wọ́n ṣe lífíìtì síbẹ̀ ní 2006. Iná ni lífíìtì ń lò, nítorí náà ẹ pè ní àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an, ẹ má pè lánàá. Bí òjò bá rọ̀, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Ẹ pààrọ̀ róbà ìdí ọ̀pá yín tó bá ti jẹ tán.

Lọ́jọ́ yẹn nílé, ẹ ka iye wákàtí tẹ́ ẹ lè lò níta kí ara tó sọ pé ó tó. Bí ó bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin, Èkó ni. Bí ó bá kọjá mẹ́jọ, ẹ lè ronú Àgbádárìgì, bí apá bá sì ká a, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Lóṣù tó ń bọ̀, ìyá kan ládùúgbò wa tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni a fẹ́ mú lọ. Mo sọ ti Èkó fún wọn, mo sọ ti Àgbádárìgì, mo sọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ìyá ìyá àwọn máa ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí wọ́n gbé lọ, tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ mú mi lọ síbi tí irin yẹn wà, ọmọ mi. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án." A ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Aago márùn-ún ìdájí la máa gbéra.